Ọ̀fìnkìn Ológbò Tí Kì Í Tán Bọ̀rọ̀: Ohun Tí Ó Ń Fà Á àti Ìtọ́jú Rẹ̀

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ iṣẹ́ tí ẹranko yìí ń ṣe láàrin ilé. Òun ni ó ń ṣọ́ àká àgbàdo, òun ni ó ń ṣọ́ àpò ẹ̀wà, òun náà ni ó ń lé eku kúrò nídìí ìwé àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá ń rù, a ó béèrè ohun tí ó ṣe é. Bí adìẹ bá ń tòògbé, a ó yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ológbò bá ń sín tí imú rẹ̀ sì dí, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé, “Ọ̀fìnkìn ni, yóò lọ.”

Lóòótọ́, ó máa ń lọ nígbà mìíràn. Ìgbà tí kò bá lọ, tàbí tí ó lọ tí ó tún padà, ni ọ̀rọ̀ di ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà tí ó ju èje lọ. Irú ọ̀fìnkìn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. A ó sọ ohun tí ó ń fà á, ìdí tí kì í fi í tán, ìtọ́jú tí ó yẹ àti èyí tí kò yẹ. Èyí tí kò yẹ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé oògùn tí a fi ṣàánú ológbò lè pa á kí àrùn tí ó ń ṣe é tó ronú àtipa á.

KÍ NI Ọ̀FÌNKÌN OLÓGBÒ?

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ọ̀fìnkìn, ni a fi ń pe ohun púpọ̀. Bí imú bá ń ṣomi, ọ̀fìnkìn ni. Bí ó bá dí, ọ̀fìnkìn ni. Bí ikun rẹ̀ bá ki tí ó sì di àwọ̀ ewé, ọ̀fìnkìn náà ni. Orúkọ yìí tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n kò tó fún ìwòsàn, nítorí pé orúkọ ohun tí a fojú rí ni, kì í ṣe orúkọ ohun tí ó fà á.

Ológbò tí àrùn yìí bá mú yóò máa sín léraléra. Ojú rẹ̀ yóò máa ṣomi, ipin sì lè lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀. Ikun yóò máa jáde ní imú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò dà bí omi, bí ó bá di ọjọ́ mélòó kan yóò ki. Ara rẹ̀ lè gbóná, ó lè ká gúlútú sí ojú kan, ó sì lè kọ oúnjẹ. Kíkọ oúnjẹ yìí ni kí a fiyè sí jù lọ. Imú ni ológbò fi ń yan oúnjẹ kí ó tó fi ẹnu kàn án; èyí tí kò bá gbọ́ òórùn rẹ̀, kò ní í jẹ ẹ́. Bí ó bá sì lo ọjọ́ bíi 2 tàbí 3 láìjẹun, pàápàá bí ó bá jẹ́ èyí tí ó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ lè ya lọ sínú ẹ̀dọ̀ kí ó sì ba ẹ̀dọ̀ náà jẹ́. Báyìí ni ohun tí a pè ní ọ̀fìnkìn lásán ṣe lè di ikú.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ara ológbò máa ń yá láàrin ọjọ́ 7 sí 10. Ti òmíràn lè fà díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó bá ti kọjá ọjọ́ 10 láìdínkù ni àwọn oníṣègùn ẹranko kà sí àrùn tí ó ti ń fìdí jókòó, tí ó sì yẹ kí a wádìí rẹ̀.

ÀWỌN KÒKÒRÒ TÍ Ó Ń FÀ Á

Oríṣi kòkòrò àìfojúrí méjì ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, tí ó kéré jù, tí kò sì lè dá gbé àfi bí ó bá wọ inú ara ohun abẹ̀mí. Ìkejì ni bakitéríà, tí ó tóbi ju fáírọ́ọ̀sì lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè dá jẹun kí wọ́n sì dá bí sí i. Ẹ jẹ́ kí a di ìyàtọ̀ yìí mú ṣinṣin, nítorí pé oògùn apakòkòrò tí a ń rà ní ilé oògùn ń pa bakitéríà, kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní ohunkóhun.

Fáírọ́ọ̀sì méjì ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀fìnkìn ológbò. Ọ̀kan ni feline calicivirus, tí L. B. Fastier kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ New Zealand ní ọdún 1957. Èkejì ni feline herpesvirus, tí R. A. Crandell àti F. D. Maurer kọ́kọ́ rí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1958. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ lè rí ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Herpesvirus máa ń bá ojú jà: ojú yóò pọ́n, egbò sì lè yọ lórí ẹyinjú gan-an. Calicivirus fẹ́ràn ẹnu: egbò yóò yọ sórí ahọ́n, itọ́ yóò máa dà, ológbò mìíràn yóò tilẹ̀ máa tiro fún ọjọ́ mélòó kan.

Ní ti bakitéríà, mẹ́ta ni a sábà máa ń dárúkọ. Chlamydia felis ń mú kí ojú wú kí ó sì pọ́n, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan. Bordetella bronchiseptica ń fa ikọ́, ó sì lè ti ara ajá ran ológbò. Ẹ̀kẹta ni Mycoplasma felis. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, àwọn bakitéríà mìíràn wà tí wọ́n ń gbé inú imú ológbò jẹ́jẹ́. Ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ti fọ́ ilé ni àwọn yìí ń wọlé wá kó ẹrù.

ÌDÍ TÍ KÌ Í FI Í TÁN

Ìdí mẹ́ta pàtàkì ni ó wà tí ọ̀fìnkìn ológbò fi ń falẹ̀ tàbí tí ó fi ń padà wá.

Èkíní ni pé herpesvirus kì í lọ rárá. Ẹ rántí òwe tí ó ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ara ológbò bá ti dá, fáírọ́ọ̀sì yìí yóò sá wọ inú ìdí àwọn iṣan tí ó ń gbé ìmọ̀lára ojú àti imú lọ sí ọpọlọ, yóò sì sùn síbẹ̀. Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí àwa ènìyàn. Egbò wẹ́wẹ́ tí ó máa ń yọ sí ẹ̀bá ètè ẹlòmíràn nígbàkúùgbà tí ibà bá mú un, ìbátan fáírọ́ọ̀sì yìí ni ó ń fà á, irú iṣan kan náà ni òun pẹ̀lú sì ń fara pamọ́ sí.

Ní ọdún 1977, R. M. Gaskell àti R. C. Povey tẹ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn ológbò tí àrùn yìí ti ṣe tí ara wọn sì ti dá. Wọ́n rí i pé bí a bá kó irú ológbò bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé tuntun, tàbí bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, tàbí bí a bá fún un ní oògùn corticosteroid, fáírọ́ọ̀sì náà lè jí kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Láti ara irú ìwádìí báyìí ni a ti mọ̀ pé bíi 8 nínú ológbò 10 tí ó la àrùn náà já ni ó ń gbé e kiri títí ayé. Kì í jí lọ́jọ́ tí ìnira dé. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, yóò sì máa jáde fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nítorí náà ni ẹni tí ó gbé ológbò tuntun wọlé lọ́jọ́ Ajé ṣe lè rò pé ara rẹ̀ le, kí ó tó di pé gbogbo ológbò ilé ń sín. Nítorí náà pẹ̀lú ni àwọn ọmọ ológbò ṣe ń kó o lára ìyá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Calicivirus kì í sùn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè máa jáde lára ológbò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti dá. Ti àwọn mìíràn ń bá wọn dọ́jọ́ ikú.

Ìdí kejì wà nínú imú gan-an. Àwọn egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú imú ológbò tí wọ́n ká mọ́ra bí ẹní. Àwọn ni ó ń mú afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n sì ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀. Bí àrùn bá mú ọmọ ológbò gidigidi, àwọn egungun yìí lè jẹ, wọn kì í sì í hù padà bí ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni ikun yóò máa dúró sínú imú, tí bakitéríà yóò sì máa wá pàgọ́ síbẹ̀. Ó dà bí ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí: bí a bá gbọ́n omi inú rẹ̀ lónìí, òjò ọ̀la yóò tún kún un. Ìdí nìyí tí ológbò mìíràn yóò fi gba oògùn, tí ara rẹ̀ yóò yá, tí ọ̀fìnkìn yóò sì tún dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí oògùn tán.

Ìdí kẹta ni pé ohun tí a pè ní ọ̀fìnkìn lè máà jẹ́ ọ̀fìnkìn. Koríko tí ológbò ń jẹ lè há sí ẹ̀yìn imú rẹ̀. Ẹran lè hù sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kí ó sì máa mí bí ẹni ń han orun. Gbòǹgbò eyín tí ó ti rà lè máa tú ọyún sínú imú. Olú wẹ́wẹ́ kan tí ń jẹ́ Cryptococcus, tí ó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé, lè mú kí igi imú rẹ̀ wú. Jẹjẹrẹ imú pẹ̀lú wà, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn ológbò tí ó ti dàgbà. Bí ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní ihò imú kan ṣoṣo, tàbí bí ojú bá wú sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ara ológbò náà má lè bá àrùn jà mọ́ nítorí fáírọ́ọ̀sì mìíràn: FeLV, tí a rí ní Glasgow ní ọdún 1964, tàbí FIV, tí a rí ní California ní ọdún 1986. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó ń nu ikun nìkan fún oṣù mẹ́ta lè máa fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀.

ÌTỌ́JÚ NÍNÚ ILÉ

Ohun tí ó ń wo ọ̀pọ̀ ológbò sàn ni ìtọ́jú ọwọ́ olówó rẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

(1) Kí a fi òwú tàbí aṣọ rírọ̀ tí a rì bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu imú àti ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Aṣọ ojú kò gbọdọ̀ jẹ́ ti imú ológbò mìíràn.

(2) Kí a gbé e sínú yàrá kékeré tàbí balùwẹ̀ tí ooru omi gbígbóná ti kún, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí a má ṣe bo orí rẹ̀ mọ́ ìkòkò omi gbígbóná bí a ti ń ṣe fún ènìyàn, kí ó má baà jóná. Kí a má sì fi ohunkóhun sínú omi náà.

(3) Kí a fún un ní oúnjẹ rírọ̀ tí òórùn rẹ̀ ta sánsán, irú bíi ẹja tí a bọ̀ láìsí ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà, kí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí omi mímu wà nítòsí rẹ̀ nígbà gbogbo.

(4) Kí a fi í sí ibi tí ariwo kò sí, kí àwọn ọmọdé má máa dà á láàmú. Ìfọ̀kànbalẹ̀ jẹ́ oògùn fún un ní tòótọ́, nítorí ìnira ni ó ń jí herpesvirus dìde.

OÒGÙN LÁTI ỌWỌ́ ONÍṢÈGÙN

Bí ológbò bá ń sín ṣùgbọ́n tí ó ń jẹun, tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí kò sì rẹ̀ ẹ́, kò sí ìdí láti sáré fún un ní oògùn apakòkòrò. Ìlànà tí ẹgbẹ́ ISCAID, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn àkóràn ẹranko káàkiri àgbáyé, gbé jáde ní ọdún 2017 sọ pé kí a ṣọ́ irú ológbò bẹ́ẹ̀ títí dé ọjọ́ 10 ná. Bí ikun bá ti ki, tí ibà wà, tí ó rẹ̀ ẹ́ tàbí tí kò jẹun, a lè fún un ní apakòkòrò. Doxycycline ni wọ́n fi ṣáájú, fún ọjọ́ 7 sí 10. Oníṣègùn ni yóò wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tí ó ń fún un gbọ́dọ̀ mọ̀: bí oògùn oníhóró yìí bá há sí ọ̀nà ọ̀fun ológbò, ó lè jó o débi tí ọ̀nà náà yóò fi fún. Nítorí náà, kí a fi omi díẹ̀ tàbí oúnjẹ tì í.

Ní ti herpesvirus, oògùn famciclovir tí a ṣe fún ènìyàn máa ń ran ológbò lọ́wọ́ bí oníṣègùn bá pàṣẹ rẹ̀. Ó ń dẹ àrùn náà lọ́wọ́, kò lè lé èyí tí ó ti sùn sínú iṣan jáde. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ valacyclovir. Èyí kò ṣeé fún ológbò rárá, májèlé ni fún un. Ní ti lysine, tí àwọn ènìyàn ti ń bu sínú oúnjẹ ológbò láti ọjọ́ pípẹ́ pé ó ń dènà herpesvirus, Sebastiaan Bol àti Evelien Bunnik kó gbogbo ìwádìí orí rẹ̀ jọ ní ọdún 2015, wọ́n sì rí i pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí a jáwọ́ nínú rẹ̀.

Fún ọ̀fìnkìn tí ó ti di bárakú, oníṣègùn lè kun ológbò lóorun kí ó fi omi oníyọ̀ fọ imú rẹ̀, kí ó ya àwòrán egungun rẹ̀, kí ó sì mú díẹ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí a lè mọ apakòkòrò tí ó bá a mu. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé bí egungun imú bá ti jẹ, kì í sábà sí ìwòsàn pátápátá. Ohun tí a ń lépa ni kí ológbò náà máa mí dáadáa, kí ó máa jẹun, kí ìgbà tí ó ń sín dínkù. Ọ̀pọ̀ irú wọn ń gbé ayé wọn pẹ́, tayọ̀tayọ̀.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Èkíní: a kò gbọdọ̀ fún ológbò ní parasitamọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ ti ọmọdé. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí ó ń tú oògùn yìí palẹ̀ bí ti ènìyàn. Hóró kan ṣoṣo tó láti pa á. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dúdú bí omi kòkó, èrìgì rẹ̀ yóò yí àwọ̀ padà, ojú rẹ̀ yóò wú, èémí yóò sì há a. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣèèṣì fún un, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn wà tí ó lè gbà á bí a bá tètè dé.

Èkejì: kí a má ṣe fi ìpara ọ̀fìnkìn tí ó ní káńfọ̀ tàbí mẹ́ńtọ́ọ̀lù pa á ní imú tàbí àyà. Ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ̀. Ohun tí a bá fi pa á lára, inú rẹ̀ ni ó ń lọ.

Ẹ̀kẹta: kí a má ṣe da epo pupa sí i lẹ́nu tàbí sí i nímú pẹ̀lú agbára. Ológbò tí imú rẹ̀ dí lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró, àrùn ẹ̀dọ̀fóró yóò sì kún ọ̀fìnkìn.

Ẹ̀kẹrin: kí a má ṣe fún un ní ìdajì kápúsù tí ó ṣẹ́kù nínú oògùn tí a fi wo ara wa, kí a sì dá a dúró lọ́jọ́ kejì nítorí pé ó ti ń jẹun. Bí a ṣe ń kọ́ bakitéríà láti borí oògùn nìyẹn.

ÌDÈNÀ

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ ológbò lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tí a bí i, kí ó sì máa gbà á ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, oníṣègùn yóò sọ ìgbà tí yóò tún gbà á. Abẹ́rẹ́ yìí kì í sé ilẹ̀kùn mọ́ àrùn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ó fúyẹ́ bí ó bá dé.

Kí a ya ológbò tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán, kí a sì máa fọ ọwọ́ wa kí a tó kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì. Herpesvirus kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí ó bá kúrò lára ológbò. Ọjọ́ kan kì í pé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n calicivirus lè wà láàyè lórí ilẹ̀ gbígbẹ fún bí oṣù kan. Kí a kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ abọ́ àti ilẹ̀, kí a tó fi omi bílíìṣì nù ún, ife bílíìṣì kan sí ife omi 32, kí a sì ṣàn án dáadáa kí ológbò tó padà síbẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù fún ara yín. Herpesvirus àti calicivirus ológbò kì í mú ènìyàn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára nìkan ni kí ó ṣọ́ra fún àwọn bakitéríà rẹ̀, nítorí ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti rí i pé ọ̀fìnkìn ológbò kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. A ti rí i pé herpesvirus ń sùn, kì í kú. Pé imú tí ó ti bàjẹ́ ń pe bakitéríà padà. Pé ohun mìíràn sì lè wọ aṣọ ọ̀fìnkìn. Ọjọ́ 10 ni kí a fi sọ́kàn fún ọ̀fìnkìn tí ó ń falẹ̀. Ọjọ́ 2 ni kí a fi sọ́kàn fún ológbò tí kò jẹun. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tí ó bá kọ́kọ́ pé, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní Abẹ́òkúta àti Ìlọrin pẹ̀lú, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn ẹranko. Ẹni tí ó ń ṣọ́ oúnjẹ wa lóru, ó yẹ kí a lè ṣọ́ èémí rẹ̀ lọ́sàn-án.